HALALI NÌKAN KÒ TÓ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌKÒKÒ ALÁDÙÚGBÒ WA

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì dá ohun tí ènìyàn yóò máa jẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ìlànà wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.

Nínú oṣù yìí, a fẹ́ bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà gbọ́ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Kì í ṣe ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti ọtí, nítorí pé ọmọ kékeré ilé-kéwú pàápàá mọ̀ pé haramu ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ béèrè ni èyí: kí ni ó wà nínú ìkòkò ẹni tí ó ń gbé ní yàrá kejì sí wa? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ kàn wá?

Ọ̀RỌ̀ MÉJÌ TÍ ỌLỌ́HUN SO PỌ̀

Nínú Súrà Baqarah, ẹsẹ 168, gbogbo ọmọ ènìyàn ni Ọlọ́hun pè, kì í ṣe àwa Mùsùlùmí nìkan, pé kí a jẹ nínú ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ èyí tí ó jẹ́ halali tí ó sì jẹ́ tayyib. Ọ̀rọ̀ méjì ni Ọlọ́hun lò níbẹ̀. Halali ni ohun tí òfin gbà láàyè. Tayyib ni ohun tí ó dára, tí ó mọ́, tí ó sì ń ṣe ara ní àǹfààní. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá tó, Ọba tí kì í sọ ọ̀rọ̀ àsọdànù kì bá tí fi èkejì kún un.

Àwa di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mú, a sì jẹ́ kí èkejì bọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé adìyẹ wá síwájú wa, a ó béèrè ẹni tí ó dú u, a ó béèrè bóyá ó ṣe bísímílà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè bóyá ohun tí ọmọ kan ń jẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní ohun kan nínú tí ó lè kọ́ ara rẹ̀. Indomie jẹ́ halali. Ṣúgà jẹ́ halali. Bisikíìtì àti mínírà jẹ́ halali. Ọmọ tí ó wá jẹ indomie ní òwúrọ̀, tí ó mu gàrí pẹ̀lú ṣúgà ní ọ̀sán, tí ó tún jẹ ìrẹsì tí kò rí ẹja ní alẹ́, tí ó sì ń bẹ lórí èyí lójoojúmọ́, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó ti rí tayyib jẹ?

Àwọn àgbà ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà, 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí wọn ga, nítorí àìrí oúnjẹ gidi jẹ fún ìgbà pípẹ́ àti àìsàn tí ń ṣe wọ́n lemọ́lemọ́. Òótọ́ ni pé apá òkè ọya ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn wọ inú Mushin, Àjẹ́gúnlẹ̀, Makoko tàbí Ìjọra yóò rí i pé kò jìnnà sí àwa náà. Kì í sì í ṣe gíga nìkan ni ó ń bá lọ. Ọpọlọ ọmọ ń bá a lọ pẹ̀lú. Ọmọ tí a ń nà ní ilé-kéwú nítorí pé súrà kò dúró sí i lórí, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ olórí kunkun rárá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti rí ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹja jẹ.

KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ, KÌ Í ṢE ÒMÙGỌ̀

Àwọn kan ń sọ pé àwọn tálákà ni kò mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n jẹ. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́hun forí jì wá. Nígbà tí a wá fi ojú sí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé àwọn ìyá àdúgbò wa mọ oúnjẹ jù wá lọ. Ọ̀nà àtirí i ni ó dí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí a ń pè ní fesi-mi-n-fesi-ẹ. Ìdílé kan ń gbé yàrá kan, àwọn mẹ́wàá ń lo ilé ìdáná kan, kò sí fíríìjì. Ìyá ilé kò lè ra tòmátì ọ̀sẹ̀ kan pamọ́, ojoojúmọ́ ni yóò máa rà á ní ìwọ̀nba, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ ni ó ń san owó jù. Ẹni tí ó ra odidi àpò ẹ̀wà ń jẹ ẹ́ ní owó pọ́ọ́kú ju ẹni tí ó ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n lọ. Ẹ̀wà náà sì ń pẹ́ lórí iná. Ẹni tí owó gáàsì tàbí kẹrosíìnì rẹ̀ kò tó nǹkan yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e kaná, nígbà tí indomie ń jinná ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí ó ń ta ọjà ní ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú kò jẹ̀bi: ẹ̀fọ́ tí kò bá tà lónìí yóò rọ di alẹ́, ṣùgbọ́n bisikíìtì lè wà lórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà. Ọjà Máìlì 12 tí ẹ̀fọ́ àti tòmátì ti pọ̀ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ lè gba owó ọbẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ gbéra, oúnjẹ sì tẹ̀lé e. Ní oṣù June 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti June 2023 lọ. Ní oṣù September 2024, àjọ yìí kan náà sọ pé oúnjẹ tí ó pé fún ìlera àgbàlagbà kan ní ọjọ́ kan jẹ́ 1,346 náírà, bí a bá pín in dọ́gba káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ènìyàn kan yóò ná 40,380 náírà. Ọkọ àti ìyàwó yóò ná 80,760 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù July 2024 jẹ́ 70,000 náírà. A kò tíì ka ọmọ kankan mọ́ ọn o. A kò tíì san owó ilé, owó ọkọ̀, owó ilé-ìwé tàbí owó oògùn. Mélòó nínú àwọn alábàárù àti àwọn tí ń kiri ọjà ní àdúgbò wa sì ni ọwọ́ wọn ń tó 70,000 lóṣù? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lórí mínbárì kí ó máa bú tálákà pé kò mọ oúnjẹ jẹ.

OHUN TÍ ÌYÁ KAN SỌ FÚN WA

A kò fẹ́ máa fi ìka nọ́ ẹlòmíràn kí a fi ara wa sílẹ̀. Ní Ramadan kan tí kò tíì pẹ́, ẹgbẹ́ wa dá owó jọ, a sì di ẹrù fún ogójì ilé ní àyíká mọ́sálásí. Ohun tí a kó sínú àpò kọ̀ọ̀kan ni páálí indomie kan, ṣúgà, mílíìkì inú ọ̀rá, magí àti bisikíìtì. A ya fọ́tò, inú wa dùn, a rò pé a ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ìyá àgbàlagbà kan wà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí a gbé tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣe àdúà fún wa púpọ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Ṣúgà yìí, wọ́n ti ní kí n má fẹnu kàn án mọ́ ní ọsibítù. Indomie yìí, ọjọ́ mélòó kan ni àwọn ọmọ á fi jẹ ẹ́ tán. Ká ní ẹ̀wà kóńgò méjì lẹ kó wá ni, títí oṣù á fi wọ̀ la ó máa ṣàdúà fún yín."

A kò rí èsì fọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn àsámù, a ṣí Alukuraani sí Súrà Baqarah, ẹsẹ 267. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé nínú ohun dáradára tí wọ́n bá rí ni kí wọ́n ti máa ná, pé kí wọ́n má ṣe máa wá èyí tí kò dára lọ láti fi ṣe ìtọrẹ, ohun tí àwọn fúnra wọn kò ní í gbà bí kò ṣe pé wọ́n di ojú. A wá bi ara wa léèrè: ta ni nínú wa tí ó ń fi indomie ṣínu ní ilé tirẹ̀? Ní ilé wa, ọsàn wà, àkàrà wà, ẹja àti ẹyin wà. Ohun tí àwa kò jẹ́ fi ṣínu ni a dì fún ẹlòmíràn tí a sì pè é ní sàráà. Owó tí a ná kò kéré. Ọgbọ́n tí a fi ná an ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ rántí Súrà Mā'ūn. Ẹni tí Ọlọ́hun pè ní olùpe ẹ̀sìn ní irọ́ níbẹ̀ ni ẹni tí ń lé ọmọ òrukàn, tí kò sì ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti bọ́ tálákà. Ìrun wa àti ìkòkò aládùúgbò wa, inú ìwé kan náà ni a ó ti kà wọ́n ní ọjọ́ ìdájọ́.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TA OÚNJẸ

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó ń ta ọjà tàbí tí ìyá wọn ń ta ọjà, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wọ́n. Imam Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń ta oúnjẹ oníhóró, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀, ó sì rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa.

Ká ní Ànábì kọjá ní ọjà wa lónìí, kí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bà? Yóò ba kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti kéde ègbé fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù nínú Súrà Mutaffifīn. Yóò ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tí wọ́n fi kábáàdì àwọn wẹ́dà mú pọ́n, èyí tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lé lórí lọ́pọ̀ ìgbà pé ó léwu fún ara. Yóò ba epo pupa tí wọ́n fi aró pa láró kí ó lè pọ́n rokoṣo. Yóò sì ba ẹ̀wà tí wọ́n da ọ̀tapíapíá sí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Láti ọdún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Irú ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, ibo ni ẹ rò pé ó ń bọ̀? Ọjà àwọn tálákà ni, nítorí pé tálákà kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ẹni tí ó bá fi májèlé sínú oúnjẹ ọmọ òrukàn, tí ó wá fi èrè rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè irú Hajj tí ó ń lọ ṣe.

BÍ A ṢE Ń FÚN NI NÁÀ ṢE PÀTÀKÌ

Ní oṣù December 2024, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó mú wa sunkún. Ní ọjọ́ 18, ọmọ 35 ni ó kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ ọmọdé tí wọ́n ti ṣe ìlérí ẹ̀bùn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 21, àwọn mìíràn tún kú ní Okija àti ní Abuja níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí Ọlọ́hun tu gbogbo òbí náà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí tí ó bá ń ronú àtipe èrò jọ kí wọ́n wá gba oúnjẹ.

A ti gbọ́ ìtàn Sayyidina Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ní òru ọjọ́ kan ó bá obìnrin kan tí ó gbé ìkòkò omi kaná láti fi tan àwọn ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa kí wọ́n lè sùn. Umar kò ní kí obìnrin náà wá tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àpò ìyẹ̀fun sí ẹ̀yìn, tí ó gbé e dé ibẹ̀, tí ó sì fẹ́ iná títí oúnjẹ fi jinná. Olórí gbogbo Mùsùlùmí ni o! Ẹni tí a bá fún ní oúnjẹ ní ilé rẹ̀, a kò dójú tì í, a kò sì fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu.

KÍ NI A LÈ ṢE?

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ. Ìjọba ni ó ni títún ọ̀nà ṣe, kíkọ́ ọjà sí àdúgbò, àti yíyẹ oúnjẹ wò kí ó tó dé ọjà. Ó sì yẹ kí a lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa tó àwọn wọ̀nyí:

1. Kí a tún àpò Ramadan wa ṣe. Owó kan náà lè ra ẹ̀wà, edé, ẹja gbígbẹ, ẹyin, epo pupa láti ọwọ́ ẹni tí a mọ̀, àti èso díẹ̀. Kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n nílò, kí a sì gbé e dé ilé wọn.

2. Kí a máa rà pọ̀. A mọ àjọ, a mọ èésú. Kí ilé mẹ́wàá dá owó, kí wọ́n ra àpò ẹ̀wà kan, kí wọ́n fi kóńgò tí ó pé pín in láìsí èlé. Owó ọkọ̀ ẹni kan ni yóò lọ dípò ti ẹni mẹ́wàá. Kí a sì rán ara wa létí pé ẹ̀wà tí a bá rẹ sínú omi mọ́jú kì í pẹ́ lórí iná bí èyí tí a kò rẹ.

3. Kí a gbìn. Hádíìsì wà nínú Bukhari àti Muslim láti ọ̀dọ̀ Anas pé ohunkóhun tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ níbẹ̀, sàráà ni fún un. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò nílò ilẹ̀ púpọ̀. Àpò ìrẹsì àtijọ́ àti ọpọ́n tó ti jò tó wọn, láàárín oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ wọ́n á sì ti tó já. Omi àlùwàlá tí ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà lójoojúmọ́ ní mọ́sálásí wa, ẹ jẹ́ kí a darí rẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́. Kí a má ṣe lo omi gọ́tà o, nítorí pé tayyib ni a ń wá.

4. Kí a fi omi kún ọbẹ̀. Ànábì sọ fún Abu Dharr pé nígbà tí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó fi omi kún un, kí ó sì rántí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kò sọ pé aládùúgbò tí ó jẹ́ Mùsùlùmí nìkan. Ẹni tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé wa ní ẹ̀tọ́ yìí pẹ̀lú.

5. Kí àwọn tí ń tajà nínú wa ṣe àdéhùn pẹ̀lú Ọlọ́hun lórí òṣùwọ̀n tí ó pé àti ọjà tí kò ní màgòmágó.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, Yorùbá ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Kí á tó ṣí àwo ní alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí yàrá kejì. Bí ọmọ bá ń sunkún níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wa ni ẹkún náà.

Kí Ọlọ́hun dárí àṣìṣe wa jì wá. Kí Ó fi oúnjẹ tí ó jẹ́ halali tí ó sì jẹ́ tayyib bọ́ wa, bọ́ ọmọ wa, kí Ó sì bọ́ aládùúgbò wa nípasẹ̀ wa. Kí Ó má ṣe kà wá mọ́ àwọn tí ń kírun tí wọn kò bọ́ tálákà. Āmīn.